Onígbọ̀wọ́ ti kú, wọ́n ṣì ń yáni lówó lórúkọ rẹ̀

Ní ọdún 2016 tí àbúrò bàbá mi kú ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kò sí ẹni tí kò gbọ́ lọ́jà. Oníṣòwò epo pupa ni, ó máa ń ra ẹyìn lọ́wọ́ àwọn ará oko láti Ọ̀rà títí dé Òkè-Ìlá. Lọ́jọ́ tí a sin ín, àwọn aláròóbọ̀ tí wọ́n jọ ń ṣòwò pa ìsọ̀ dé, wọ́n bá wa dé ibojì. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan tó máa ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó ni, n kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà níbí. Ó jẹ ìrẹsì, ó mu omi, ó gba abọ́ ike tí wọ́n tẹ àwòrán olóògbé àti ọjọ́ tó kú sí lára, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ọkùnrin yìí kan náà padà wá kan ilẹ̀kùn ìyàwó olóògbé, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì.

“Ẹ káàsán, Mọ́mì. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ owó ló gbé mi wá. Dádì ló dúró fún ọ̀rẹ́ wọn, ọ̀rẹ́ wọn sì ti sá lọ.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ní ọdún 2014, bàbá kékeré bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta pákó àti páànù, kí wọ́n lè yá a ní N400,000. Ọ̀rẹ́ náà san owó yẹn tán pátápátá. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù kì í ṣe N400,000 nìkan. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni “gbogbo owó tó bá gbà lọ́wọ́ wa”. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, tí olóògbé ti lo oṣù mẹ́jọ nínú ilẹ̀, iléeṣẹ́ náà yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní N1,200,000 lórí ìwé àtijọ́ yẹn. Ọdún 2018 ni onípákó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, tí a kò rí i mọ́.

Wọ́n ní bí kò bá sí owó, àwọn yóò gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo lẹ́yìnkùlé. Ìyá Ìbejì kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ta oko obì kan, ó san N350,000, ó ní òun ń wá ìyókù. Ohun tó sọ fún mi nígbà tí mo gbọ́ ni pé, “Gbèsè ọkọ mi ni, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ni?”

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ojú ewé yìí ti dúró fún èèyàn rí. Bí kì í bá ṣe ní báńkì, á jẹ́ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń yá obìnrin márùn-ún márùn-ún lówó pọ̀, kí ẹnì kìíní máa ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹnì kejì. Ojú àánú la fi ń ṣe é. Kò sí ẹni tó ń béèrè pé ìdúró yìí, ìgbà wo ló máa parí? Ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n gbé lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga nílùú London ní ọdún 1879, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Coulthart àti Clementson.

Ọkùnrin kan ló dúró fún ẹlòmíràn ní báńkì. Ìdúró náà kò mọ sórí owó kan ṣoṣo. Bí oníbàárà báńkì bá ṣe ń gbà ló ń san, bó sì ṣe ń san ló tún ń gbà. Onígbọ̀wọ́ wá kú, ó sì fi ìwé ìhágún sílẹ̀. Báńkì gbọ́ pé ó ti kú, wọ́n mọ̀ pé ìwé ìhágún wà, síbẹ̀ wọn kò dáwọ́ owó yíyá dúró. Nígbà tí owó há, wọ́n gba ilé àwọn alábòójútó ogún lọ, wọ́n ní kí wọ́n mú un wá nínú ohun tí olóògbé fi sílẹ̀.

Adájọ́ Bowen ló gbọ́ ẹjọ́ náà, ó sì dá báńkì lẹ́bi lórí owó tí wọ́n yáni lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ ikú onígbọ̀wọ́. Àlàyé rẹ̀ kò ta kókó. Ó ní irú ìdúró tó ń lọ bí omi odò bẹ́ẹ̀, onígbọ̀wọ́ lè fòpin sí i nígbàkigbà lórí owó tí wọn kò tíì yá, bó bá ṣáà ti fi tó báńkì létí. Tí báńkì bá wá gbọ́ pé onítọ̀hún ti kú, tí wọ́n sì mọ̀ pé ó ti pín dúkìá rẹ̀ fún àwọn kan, ìyẹn fúnra rẹ̀ ti tó ìfitónilétí. Dúkìá ti di ti àwọn tí wọ́n pín in fún, alábòójútó kò sì lágbára láti máa fi í dúró fún àjèjì, àfi bí ìwé ìhágún bá fún un láṣẹ láti máa bá ìdúró náà lọ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Gbèsè tó ti wà nílẹ̀ kí ayánilówó tó gbọ́ ikú, ogún olóògbé ló máa san án. Adájọ́ kò sọ pé ikú ń pa gbèsè rẹ́. Owó tuntun, tí wọ́n yọ láti inú àpò lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ̀ pé onígbọ̀wọ́ kò sí láyé mọ́, lohun tó sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹnì kan á ní kí ló kan Ìlá nínú ẹjọ́ àwọn òyìnbó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, nígbà tó di ọdún 1863 wọ́n ti kó òfin ilẹ̀ wọn wọ ibẹ̀, ìyẹn ló sì tàn ká tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe dandan kí adájọ́ wa tẹ̀lé ìdájọ́ London ti ọdún 1879, ṣùgbọ́n òfin ìgbọ̀wọ́ tí kóòtù wa ń lò, láti inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti bù ú. N kì í ṣe lọ́yà, iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní yunifásítì, nítorí náà ni mo ṣe lọ bá lọ́yà kan ní Òṣogbo kí n tó gbé bírò. Òun ló sọ fún mi pé ibi tí àwọn ayánilówó lè fẹ́ gbà já ni pé bàbá kékeré kò ṣe ìwé ìhágún. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa kì í ṣe é. Lójú tèmi, ìyẹn kò yí ọ̀rọ̀ padà. Yálà ìwé ló pín ogún ni o, yálà ẹbí ló jókòó pín in, dúkìá olóògbé ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹni tó sì jẹ ìrẹsì òkú kò lè ní òun kò mọ̀ pé òkú kú.

Ẹjọ́ kejì wà tó yẹ kí ẹ fi ti èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí wọn kò jọra. Ní ọdún 1880, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ Lloyd's àti Harper. Bàbá kan dúró fún ọmọ rẹ̀ kí wọ́n lè gbà á wọ Lloyd's, níbi tí àwọn adójútòfò ti ń ṣòwò ní London. Bàbá kú, ọmọ wọ gbèsè. Wọ́n ní ogún bàbá gbọ́dọ̀ san án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ohun tí Lloyd's fún ọmọ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fún un, ìyẹn ni ipò ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n ti fún un tán, wọn kò lè gbà á padà nítorí pé onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ti kú. Báńkì ní tirẹ̀ lè ṣíwọ́ lọ́la bó bá wù ú. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró fún ọmọ yín kí wọ́n lè fún un ní ṣọ́ọ̀bù ọdún márùn-ún, ẹ má rò pé ẹ lè kọ lẹ́tà lọ́dún kejì pé ẹ ti yọwọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró fún un lọ́dọ̀ aṣojú oníbíà tó ń kó ọjà àwìn fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ lè yọwọ́ lórí ọjà tí wọn kò tíì kó.

Àwọn báńkì náà kò sùn. Láti ìgbà tí irú ìdájọ́ Bowen ti ń kó wọn láyà sókè ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ikú onígbọ̀wọ́ kò fòpin sí ìdúró, àfi bí àwọn ẹbí rẹ̀ bá kọ̀wé wá, nígbà mìíràn pẹ̀lú oṣù mẹ́ta gbáko lẹ́yìn ìwé náà. Lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé kejì ló máa ń wà. Níbi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti wà, abọ́ ike ìsìnkú lè má tó. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹbí tí olórí wọn bá kú pé, nínú gbogbo wàhálà posí àti aṣọ ẹbí, kí ẹnì kan wá ibi tí bàbá kó ìwé sí. Bí ẹ bá rí fọ́ọ̀mù ìdúró kankan, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ikú lọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣètò ìkànìyàn, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí òṣìṣẹ́ wọn lu òǹtẹ̀ sórí ọ̀kan kí ẹ mú un padà wálé. Kò ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ.

Ohun mìíràn tí Ìyá Ìbejì kò mọ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ kò jẹ gbèsè kankan. Kò bu ọwọ́ lu ìwé. Bí gbèsè bá tilẹ̀ wà, inú ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ ni wọ́n ti lè gbà á, ibi tí ìyẹn bá sì tán sí ni kó parí sí. Ẹ̀rọ ìfúnpo yẹn, owó èsúsú tirẹ̀ ló fi rà á. Oko obì tó tà, ogún ìyá rẹ̀ ni.

Kí ló wá dé tó fi san án? Mo rò pé àṣà wa ló ń dà á láàmú. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní ológò. Bí ẹni tó jẹ gbèsè kò bá san, àwọn aláṣẹ ìlú á rán ológò sí i. Á wá jókòó sí agboolé, á máa bú èèyàn, á pa adìẹ tàbí ewúrẹ́ tó bá rí, á ní kí wọ́n se oúnjẹ aládùn fún òun. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí ẹni tó fọwọ́ kàn án fọwọ́ kan àwọn tó rán an. Kì í ṣe ajigbèsè nìkan lara ń ni, gbogbo agboolé ni, títí àwọn fúnra wọn á fi wá owó náà kí wọ́n lè rí i kó lọ. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Àwọn ayánilówó òde òní mọ àṣà yìí ju bí wọ́n ṣe mọ òfin lọ. Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá páàkì ọ̀kadà síwájú ilé opó lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, opó á sanwó. Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù náà ni wọ́n ń ṣe é nígbà tí wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù ẹni tó yáwó, bí ẹni pé gbogbo wọn ló ṣe onígbọ̀wọ́, kó tó di pé àjọ FCCPC gbé ìlànà jáde lé wọn lórí ní ọdún 2022.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé onígbọ̀wọ́ kì í ṣe ọmọdé, ó mọ ohun tó ki ọrùn bọ̀. N kò jiyàn. Òfin wa pàápàá le mọ́ onígbọ̀wọ́. Nínú ẹjọ́ Chami àti báńkì UBA tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí dá ní ọdún 2010, wọ́n ní ayánilówó lè pe onígbọ̀wọ́ nìkan lẹ́jọ́ láìpe ẹni tó yáwó. Ẹni tó bá rò pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé ọ̀rẹ́ òun dé Àbújá kí wọ́n tó kan òun, ó ń tan ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé òfin le tó báyìí gan-an ló ṣe yẹ kí ayánilówó máa sọ̀rọ̀ síta. Ẹni tí ẹ lè mú nígbàkigbà, ẹ jẹ́ kó mọ ohun tó ń lọ.

Ìyẹn náà sì kan ẹ̀yin oníṣòwò gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ta ló ń gba ọmọ tajà-tajà tàbí dẹ́rẹ́bà láìgba onígbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ní ọdún 1872, nínú ẹjọ́ Phillips àti Foxall, ọ̀gá kan gba ọmọṣẹ́, Foxall sì dúró pé olóòótọ́ lọmọ náà. Ọ̀gá wá rí i pé ọmọ náà ti kó owó òun jẹ. Kò lé e, kò sì sọ fún Foxall. Ọmọ náà tún kó owó mìíràn jẹ, ni ọ̀gá bá ní kí onígbọ̀wọ́ wá san án. Ilé-ẹjọ́ ní ó tì o. Bó bá sọ fún Foxall nígbà àkọ́kọ́, Foxall ì bá yọwọ́. Mo mọ obìnrin kan tó ń ta aṣọ, tí ọmọ ọjà rẹ̀ jí N20,000, tó dárí jì í, tó ní kí àṣírí má tú, nítorí pé ọmọ ìjọ rẹ̀ ni. Ojú àánú ni, mo gbà. Lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn bá kó N200,000 lọ, kó má lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tó bu ọwọ́ lu ìwé.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni ti Holme àti Brunskill ní ọdún 1878, bóyá nítorí pé ọ̀rọ̀ àgùntàn ni. Wọ́n fi oko kan háyà fún ẹnì kan, àgùntàn 700 sì wà lórí rẹ̀. Brunskill dúró pé nígbà tí ẹni náà bá ń kúrò, àgùntàn yóò pé, ara wọn yóò sì dá. Láàárín kan, onílẹ̀ àti ẹni tó háyà ṣàdéhùn láàárín ara wọn pé kó dá pápá kan tí wọ́n ń pè ní Bog Field padà, kí wọ́n sì yọ pọ́n-ùn mẹ́wàá kúrò nínú owó ọdún. Wọn kò sọ fún Brunskill. Nígbà tí wọ́n ka àgùntàn, kò pé. Àwọn júrì ní pápá kékeré yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà. Síbẹ̀, méjì nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ní Brunskill ti bọ́. Bí kò bá ti hàn gbangba pé àyípadà náà kò lè pa onígbọ̀wọ́ lára, kì í ṣe ẹlòmíràn ló máa bá a wọ̀n ọ́n. Òun ló yẹ kí wọ́n bi. Ẹ wo pápá kan péré àti pọ́n-ùn mẹ́wàá, kí ẹ wá fi wé N400,000 tó di N1,200,000.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tó nǹkan. Kí ayánilówó tó fi náírà kan lé owó tẹ́nì kan dúró fún, kó pe onígbọ̀wọ́. Bí oṣù kan bá kọjá tí ẹni tó yáwó kò san, kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí onígbọ̀wọ́ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún kan tí èlé ti gorí èlé. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan kò ju náírà díẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà ní Ìlá lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nípàdé oṣù tó ń bọ̀ láìdúró de ìjọba. Èyí tó bá sì ṣeé ṣe láti fi ẹ̀rọ tàbí ọjà dúró fún, kí wọ́n yé fi èèyàn dúró fún un. Òfin ọdún 2017 ti fàyè gba kí oníṣòwò fi ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta tàbí ọjà inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe ohun ìdúró, kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní National Collateral Registry níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yá a lówó ti lè wò ó.

Ní ti Ìyá Ìbejì, lọ́yà Òṣogbo yẹn kọ lẹ́tà kan sí iléeṣẹ́ náà, ó fi fọ́tò kan sínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí ló yà á lọ́jọ́ ìsìnkú. Ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun wà níbẹ̀ tó gbé abọ́ ike dání, ọjọ́ ikú olóògbé sì hàn lára abọ́ náà ketekete. Wọn kò fèsì, ṣùgbọ́n wọn kò tún wá mọ́. N350,000 tó ti san kò padà.

Nígbà tí mo lọ sí Ìlá lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó sọ fún mi pé ọmọkùnrin kan láti iléeṣẹ́ mìíràn gbé fọ́ọ̀mù wá kó wá dúró fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ó ní òun bi í ní ohun mẹ́ta. Èló ni? Ìgbà wo ló máa parí? Ta ni nínú yín tó máa pè mí lọ́jọ́ tí kò bá san? Ọmọkùnrin náà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ béèrè ní ọ́fíìsì. Títí tí mo fi kúrò nílùú, kò tíì padà dé.